Òwú Kò Já

Ní èbúté yìí, tí ọkọ̀ bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, aṣọ ló fi ń sọ ọ́. Rédíò wà lórí ilé ìṣọ́, ṣùgbọ́n rédíò náà máa ń sùn ju ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ, àwọn ọkọ̀ kéékèèké kò sì ní in rárá. Nítorí náà, àsíá ni. Òpó gíga kan dúró lórí ilé ìṣọ́ náà. Lẹ́bàá rẹ̀ ni àpótí kan wà tí wọ́n dá ihò-ihò sí bí ilé ẹyẹlé, àsíá kan nínú ihò kan, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń sọ. Aláwọ̀ yẹ́lò: ara gbogbo wa dá, ẹ jẹ́ ká wọlé. Pupa tí ìdí rẹ̀ là bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀: ẹrù eléwu ni mo rù. Aṣọ kan, ọ̀rọ̀ kan. Kò sí àlàyé.

Iṣẹ́ tó yẹ Bàbá Alásíá gan-an nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Nígbà tí ilé ìdáná wọn gbiná lọ́dún kan, ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni, "Ó ń jó." Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wálé, ó wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Jókòó." Gbogbo ilé hó ìhó ayọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ó ti gbà nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń rán àsíá. Ẹnu ìyẹn kì í sinmi, máṣíìnì rẹ̀ náà kì í sinmi. Ìsàlẹ̀ ilé ìṣọ́ ni yàrá ìránṣọ rẹ̀ wà. Bó bá rán ojú kan, yóò tún gba orí rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Yóò fi eyín gé òwú. Yóò wá fi orúnkún ti àárín aṣọ náà, yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni ń bá a ja ìjàkadì.

"Bó bá máa já," a máa wí, "kó já níhìn-ín. Kó má lọ já lójú omi kó dójú tì mí."

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọ̀kan kò já rí.

Òfin kan wà nílé ìṣọ́ náà: àsíá tó bá tutù kò gbọdọ̀ sùn síta. Kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá gbígbẹ, kí wọ́n ká a, kí wọ́n dá a padà sínú ihò rẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà láàárín òkè àti yàrá gbígbẹ. Orúnkún ọ̀tún Bàbá Alásíá sì ti ń ka àtẹ̀gùn wọ̀nyí láti bí ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ kan tí òjò pa àsíá kan, ó wo àtẹ̀gùn, ó wo orúnkún, ó fi àsíá náà kọ́ sórí irin níta. Ó ní òun yóò gbé e wọlé lọ́la. Ọ̀la di ọjọ́ méjìlá. Oòrùn jẹ ẹ́, iyọ̀ òkun jẹ ẹ́, òjò tún pa á. Lọ́jọ́ kẹtàlá ó ká a wọlé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àsíá tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn fi ń ṣeré. Òun ló ń sọ pé: o ń wọ inú ewu lọ. Igun mẹ́rin ni, pupa méjì, funfun méjì, ojú rírán méjì sì dábùú ara wọn láàárín rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ oníyanrìn kan ń bọ̀, ó sì ń forí lé ibi tí omi kò jìn. Bàbá Alásíá rí i. Ó fa àsíá igun mẹ́rin náà sókè. Afẹ́fẹ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ náà sì ya pẹ́rẹ́. Ìdajì fò lọ bí ẹyẹ. Ọkọ̀ oníyanrìn kò yà. Iyanrìn lọ kí iyanrìn nílé. Wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ náà fi jókòó lórí òkìtì kí omi tó kún gbé e. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, àyàfi ojú ọ̀gá ọkọ̀ náà, tí ìtìjú pa.

"Àkísà kan ni mo rí lórí òpó," ni ọ̀gá ọkọ̀ oníyanrìn wí. "Mo rò pé wọ́n fọṣọ ni."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Èbúté ránṣẹ́ pe Bàbá Alásíá. Obìnrin ni Ọ̀gá Èbúté. Bàbá fi ogún ọdún jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí bàtà rẹ̀ bá ti ń ró kò-kò-kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbà àti èwe a máa ṣàtúnṣe bọ́tìnnì.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Kí ló ṣe àsíá yẹn?"

Òótọ́ wà, ṣùgbọ́n ó gùn. Orúnkún wà nínú rẹ̀, òjò wà nínú rẹ̀, irin wà nínú rẹ̀, ọjọ́ méjìlá wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kúkurú bá ti mọ́ lára, irọ́ kúkurú a máa yá a lẹ́nu ju òótọ́ gígùn lọ.

"Òwú ló já," ni ó wí.

Ọ̀gá Èbúté kọ ọ́ sínú ìwé ńlá èbúté. Bàbá Alásíá gba ilé lọ. Lójú tirẹ̀, òwú lòun dárúkọ, òun kò dárúkọ èèyàn. Ṣùgbọ́n òwú kì í rán ara rẹ̀.

Lọ́jọ́rú ni lẹ́tà dé yàrá ìránṣọ. Nítorí òwú tó já, ni wọ́n kọ síbẹ̀, ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ kan ni yóò máa rán àsíá èbúté láti ìsinsìnyí lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìyàwó ka lẹ́tà náà lórí ìdúró. Ó jókòó, ó tún un kà. Ó wá gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta láìsinmi níbì kankan.

"Bàbá wọn, ta ló sọ pé òwú mi já?"

Bàbá Alásíá ń wo òkun.

"Mò ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Èmi ni."

"Ṣé ó já?"

Kò gbà ju ọ̀rọ̀ méjì. Kò já. 

"Ọkọ̀ kan ń bọ̀," ni ó wí.

Obìnrin náà wo òkun. Òkun ṣófo bí àwo tí wọ́n ti fọ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. "Èmi mọ ọwọ́ mi. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń rán aṣọ tí ẹ fi ń bá ayé sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin wá fi ẹnu yín ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ọkọ̀ èrò ń lọ sí ìlú àbúrò mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mò ń bá a lọ. Bí mo bá lọ, ẹ má retí mi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé òun àti máṣíìnì rẹ̀ kọjá omi lọ sí ilé ọmọbìnrin wọn ní etí kejì èbúté. Yàrá ìsàlẹ̀ dákẹ́. Bàbá Alásíá, ẹni tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò rí oorun sùn nítorí ìdákẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀ ó wọ fìlà, ó wọ ọkọ̀, ó kọjá omi. Ó ti to gbólóhùn kan jọ nínú ọkọ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ kan. Bàbá Alásíá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbólóhùn náà ti bọ́ sómi.

"Mo wá," ni ó wí.

"Mo rí yín."

Agogo ara ògiri ń lọ. Ọmọbìnrin wọn di abọ́ mú, ó ń retí.

"Òjò máa rọ̀," ni Bàbá Alásíá wí.

"Kó rọ̀."

Ó fọwọ́ kan fìlà, ó yíjú padà. Ọmọ rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e dé etí omi.

"Bàbá mi, ẹ wọ ọkọ̀ kọjá omi nítorí kí ẹ lè wá sọ òjò fún wa? Ṣé òjò ò lè wá sọ ti ara rẹ̀ ni? Ẹ bẹ̀ wọ́n! Ẹ kàn bẹ̀ wọ́n!"

"Mò ń lọ."

"Háà! Bàbá yìí!"

Òjò náà kò rọ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́. Bàbá Alásíá rò ó wò pé ohun tí ẹnu kọ̀, ọwọ́ lè ṣe é. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó wà lẹ́yìn ilé ọmọ rẹ̀ kọjú sí ilé ìṣọ́ tààrà. Kò sì sí àsíá tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Ó fa èyí tó jẹ́ yẹ́lò lápá kan, búlúù lápá kejì sókè: mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀.

Ó gbé awò olójú méjì tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú. Ìyàwó rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó fọwọ́ bojú oòrùn, ó wò. Ó wọlé. Ó mú aṣọ orí tábìlì kan jáde, olójú búlúù àti funfun bíi pátákó tí wọ́n fi ń ta dáráfù, ó sì fi í kọ́ sórí okùn aṣọ.

Èyí túmọ̀ sí: rárá.

Bàbá Alásíá fa aláwọ̀ funfun tó ní àgbélébùú búlúù sókè: dá ohun tí o fẹ́ ṣe dúró, máa wo àmì mi.

Ọkọ̀ apẹja kan tó ń jáde lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ dá dúró gbọnrangandan láàárín ọ̀nà omi. Apẹja náà bẹ́ sí iwájú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè.

"Bàbá! Kí ni mo ṣe?"

Bàbá Alásíá fi ọwọ́ lé e: máa lọ, máa lọ. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè lọ́hùn-ún, ìyàwó rẹ̀ ti so táwẹ́lì yẹ́lò, gèlè búlúù àti táwẹ́lì yẹ́lò mìíràn mọ́ra, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Ó ta á síta. Yàgò fún mi, ọwọ́ mi kò dilẹ̀.

Ní báyìí, gbogbo èbúté ti gbọ́. Ibi tí àsíá ti ń sọ̀rọ̀, kò sí àṣírí níbẹ̀. Ẹni tó bá lójú ti gbọ́ nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò tò sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fa àsíá "bẹ́ẹ̀ni" sókè lórí ọkọ̀ wọn, láti bá obìnrin náà dáhùn. Obìnrin náà na ìka sí wọn láti òdìkejì omi. Wọ́n sáré fà á wálẹ̀.

Bàbá Alásíá wo àpótí rẹ̀. Ó wá fa funfun tí ìlà pupa méjì dábùú ara wọn lórí rẹ̀ sókè: mo nílò ìrànlọ́wọ́.

Ẹni tó jẹ́ ìpè náà ni Aláriwo. Aláriwo ló ń wa ọkọ̀ kékeré alágbára tó máa ń fa àwọn ọkọ̀ ńlá wọ èbúté. Ó ní gbohùngbohùn nínú ọkọ̀ náà. Kò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní in.

"Ẹ̀GBỌ́N! ẸNI TÓ Ń RÌ DÀ?"

"Ìyàwó mi ni."

"ÌYÀWÓ YÍN Ń RÌ?"

"Ó ń lọ."

Aláriwo sọ gbohùngbohùn kalẹ̀. "Háà. Rírì sàn."

Ó gun òkè wá. Ó bá Bàbá Alásíá níbi tó ti ń ṣí ìwé àmì, ìwé ńlá tí gbogbo ọ̀rọ̀ àsíá wà nínú rẹ̀, láti ojú ìwé kìíní. Ọ̀rọ̀ fún iná wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ fún àìsàn wà. Ọ̀rọ̀ wà fún ìdákọ̀ró tó ń wọ́ nílẹ̀, fún àwọ̀n tó há, fún èèyàn tó já sómi. Ó ṣí i dé ẹ̀yìn, ó pa á dé.

"Kò sí níbẹ̀," ni ó wí.

"Kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Má bínú."

"Ẹ kúkú to lẹ́tà rẹ̀! Àsíá kan, lẹ́tà kan. Mọ́, Á, Bí..."

"Ọkọ̀ òkèèrè yóò kà á lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Kí ni yóò wá jẹ́?"

Bàbá Alásíá fi ìka kà á. "Ọkọ̀ mi ti dúró. Òmùwẹ̀ mi wà lábẹ́ omi. Mo ru ẹrù eléwu. Mò ń yà sósì. Rárá. Ìwọ náà ń wọ inú ewu lọ."

Aláriwo rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bẹ̀ wo nìyẹn? Wọn yóò fi èbúté sílẹ̀ fún yín!" Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ tilẹ̀ ṣe fún wọn gan-an?"

Bàbá Alásíá na ọwọ́ sí ihò tó kẹ́yìn, ó fa àkísà kan jáde lábẹ́ àsíá tó wà níbẹ̀. Ìyókù àsíá igun mẹ́rin ni. Aláriwo gbà á. Aṣọ náà ti ya gbẹrẹgẹdẹ lápá kan, ó rí jágajàga, ṣùgbọ́n ojú rírán méjì tó dábùú ara wọn ṣì wà láàárín. Aláriwo fa ọ̀kan. Ó fi orúnkún tì í, ó tún fà á, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Kò mira.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Aláriwo rẹ ohùn sílẹ̀.

"Òwú kò já," ni ó wí.

"Kò já."

"Ta lẹ sọ fún pé ó já?"

"Ọ̀gá Èbúté."

"Àsíá lẹ fi sọ ọ́?"

"Ẹnu ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ sí lẹ ó ti lọ gbé e. Ẹ wá dúró sórí òkè, ẹ ń ta aṣọ sí obìnrin tó rán aṣọ fún yín. Ohun tí ẹ sọ kò sí lọ́dọ̀ wọn. Inú ìwé Ọ̀gá Èbúté ló wà."

Bàbá Alásíá ronú sí i. "Wọn yóò mú mi kúrò lórí òkè," ni ó wí.

"Wọn yóò mú yín kúrò. Ṣùgbọ́n lórí òkè yìí, ẹ̀yin àti ta ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ èrò ti fa àsíá búlúù tó ní fèrèsé funfun láàárín sókè: gbogbo ẹni tó ń lọ, ẹ wọlé, a ò ní pẹ́ ṣí. Bàbá Alásíá rí i láti ojú fèrèsé Ọ̀gá Èbúté. Ó tẹ́ àkísà náà sórí tábìlì rẹ̀.

"Òwú kò já," ni ó wí. "Èmi ni mo fi í síta. Ọjọ́ méjìlá."

Ọ̀gá Èbúté fọwọ́ kan ojú rírán náà. Ó wo Bàbá Alásíá. Ó ṣí ìwé ńlá, ó yí i sí i, ó na kálàmù. Bàbá Alásíá fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ó sì kọ òótọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ìlà mẹ́rin ló gbà. Òógùn bò ó.

"Bàbá, mo máa kọ lẹ́tà mìíràn sí ìyá. Iṣẹ́ wọn kò lọ síbì kankan." Ó pa ìwé ńlá dé. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin..."

"Mo mọ̀."

"Láti ọ̀sán òní."

"Àsíá kan ló kù tí mo fẹ́ ta."

Ọ̀gá Èbúté wo àkísà tó wà lórí tábìlì. Ó kó o lé e lọ́wọ́.

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Orúnkún rẹ̀ kà wọ́n, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó dókè, ó so àkísà náà mọ́ okùn, ó sì fà á dé ṣóńṣó òpó.

Lórí ọkọ̀ èrò, wọ́n wò ó, wọ́n wojú ara wọn. Ẹnì kan sáré lọ gbé ìwé àmì. Wọ́n ṣí i síwá, wọ́n ṣí i sẹ́yìn. Apẹja àná wo òkè, ó tún dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, kó má baà jẹ́ pé òun ni. Kò sí ẹni tó lè kà á.

Bàbá Alásíá gbé awò sójú, ó wá ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò. Ó rí i lẹ́bàá irin, báàgì lọ́wọ́, ó ń wo òpó. Ó rí i tó na ọwọ́, tó gba awò lọ́rùn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan láìtọrọ rẹ̀. Obìnrin náà wo àkísà. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ awò náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan orí ilé ìṣọ́, awò wá dojú kọ awò.

Ó dá awò padà fún olówó rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí báàgì, ó di afẹ́fẹ́ lásán mú, ó fi orúnkún tì í, ó fà á sọ́tùn-ún sósì. Ó wo òkè.

Bàbá Alásíá mi orí sókè sódò. Bẹ́ẹ̀ni. Kò já.

Nígbà tó tún wò, kò rí i mọ́ lẹ́bàá irin.

Ó sọ̀kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti pàdé, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ. Bàbá Alásíá di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo rí aṣọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Hẹn."

"Gbogbo èbúté rí aṣọ. Ẹnu ńkọ́?"

Ó wo òkun. Kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí náà. Ó yíjú padà.

"Òwú rẹ kò já. Èmi ni mo fi àsíá síta. Mo parọ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Má bínú."

Obìnrin náà wò ó. Ọdún méjìlélógójì tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò gbọ́ irú èyí rí lójú kan.

"Ìyẹn gùn o," ni ó wí.

"Ó gùn."

"Ẹ jókòó. Ẹ sinmi."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Obìnrin náà jókòó tì í. Ọkọ̀ èrò fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Aláriwo sì bẹ̀rẹ̀ sí fà á jáde, ó ń fi gbohùngbohùn sọ fún gbogbo ayé ohun tí àkísà náà túmọ̀ sí.

"Máṣíìnì mi!" Obìnrin náà bẹ́ sókè.

"Ó dà?"

"Ó wà nínú ọkọ̀! Lábẹ́ àpò àlùbọ́sà!"

Wọ́n wo ọkọ̀ náà títí ó fi kéré.

"Ó ń lọ kí àbúrò mi nìyẹn," ni ó wí. "Ọjọ́ méjìlá kó tó dé. Ihò àsíá kan sì ṣófo lókè. Bí ọkọ̀ bá ń wọ inú ewu lọ́la, kí ni wọ́n ó fi kì í nílọ̀?" Ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì tí kò ní iṣẹ́ mọ́ láti ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó wọlé, ó mú aṣọ pupa jáde, ó mú funfun, ó ki abẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́. "Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó gba ibẹ̀ kọjá."

Bàbá Alásíá rán an títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ nígbà mẹ́rin. Nígbà tó ṣe tán, ó nà án sí i. Ìyàwó rẹ̀ fi orúnkún tì í, ó fà á.

Ó ya pẹ́rẹ́.

"Òwú ló já," ni Bàbá Alásíá wí.

Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò ó.

"Ọwọ́ mi ni," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó gba aṣọ náà padà, ó sì wá ojú abẹ́rẹ́.